Bí a ṣe ń ṣètò gúrúùpù ibi iṣẹ́ kí iṣẹ́ má baà sọnù sínú ọ̀rọ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ olóhùn kan wọlé sórí fóònù mi láti Houston. Ọmọ olóògbé kan ni ó fi ránṣẹ́, nítorí pé ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń gba iṣẹ́ ní Ṣómólú ni ó ń bá ìdílé wọn tẹ ìwé ètò ìsìnkú bàbá wọn, 300 ẹ̀dà, ojú ewé 16. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ó kí mi, ó dúpẹ́ iṣẹ́, ó ṣàlàyé bí àwọn ẹbí ṣe ṣèpàdé, lẹ́yìn náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ń parí lọ, ó ní wọ́n ti fa ìsìn àìsùn wá sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ dípò aago márùn-ún. Mo gbé ohùn náà bí ó ṣe rí, mo dà á sínú gúrúùpù WhatsApp ilé iṣẹ́ wa, n kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí abẹ́ rẹ̀, mo sì lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni mẹ́rin ti ṣí i, ọmọkùnrin tí ó ń ṣètò iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà sì ti fi àmì àtàǹpàkò sí i. Mo gbà pé ó ti tún un ṣe nìyẹn. Ohun tí ó wà lọ́kàn tirẹ̀ ni pé òun ti rí i pé ohùn kan wọlé, òun yóò sì gbọ́ ọ nígbà tí òun bá dé ibi iṣẹ́. Aago méje àárọ̀ ni bàbá tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ẹ̀rọ gbé pílétì ìtẹ̀wé tí a ti ṣe sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé sórí ẹ̀rọ. Kí ọmọkùnrin náà tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ìwé ti ń jáde pẹ̀lú aago márùn-ún lára rẹ̀.

Àpò ilé iṣẹ́ ni owó àtúntẹ̀ ti jáde, tọ̀sán-tòru ni a sì fi tẹ̀ ẹ́ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Àwa mẹ́sàn-án tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ọ̀lẹ nínú wa, kò sì sí ẹni tí kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n gúrúùpù tí a dá sílẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì ti ń pinnu fún wa ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, ẹni tí yóò dákẹ́, àti ẹni tí olúkúlùkù rò pé ó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Ọ̀nà tí a gbà tún un tò láti ìgbà náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ilé iṣẹ́ kékeré, ilé ìwé, ilé ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ ti wọ inú fóònù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilé tí ẹ wà

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá gbé iṣẹ́ lé ẹnì kan lọ́wọ́ lórí tábìlì, tí kò sì yé e, mo máa rí i lójú rẹ̀ kí ó tó lanu. Bí ọkàn rẹ̀ bá wà níbòmíràn, mo máa pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Fóònù kò fún wa ní ojú yẹn. Àmì búlúù méjì ni ó fún wa, àmì náà kò sì sọ ju pé ọ̀rọ̀ ti kọjá lójú ẹnì kan lọ. Ó lè jẹ́ pé inú dánfó ni ẹni náà wà, tí ó ń na owó sí kọ̀ndọ́, tí ó kàn ṣí gúrúùpù kí iye àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò tíì kà lè dín kù.

Àwọn kan tí ó ṣe irú ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ ju ojú lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín in sí yàrá. Ní ọdún 1988 ni Jarkko Oikarinen ṣe IRC (Internet Relay Chat), ètò ìbánisọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà, ní Yunifásítì Oulu ní orílẹ̀-èdè Finland, níbi tí yàrá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní orúkọ àti àkòrí tirẹ̀. Àwọn tí ó dá Slack, ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ fún ibi iṣẹ́, sílẹ̀, tí Stewart Butterfield ṣáájú wọn, ń ṣe eré orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí à ń pè ní Glitch, irú ọ̀nà IRC yẹn ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú sí ìlú. Eré náà kógbá wọlé ní 2012, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ni wọ́n wá gbé jáde fún gbogbo ènìyàn ní 2014. Microsoft Teams, tí ó jẹ́ irú rẹ̀, dé lẹ́yìn rẹ̀, ní 2017.

WhatsApp kò bá ọ̀nà yẹn wá. Ọ̀rẹ́ àti ẹbí ni Jan Koum àti Brian Acton fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2009, àwa ni a gbé e wọ ibi iṣẹ́, nítorí pé ó ti wà lórí fóònù gbogbo wa, dátà tí ó ń jẹ kò pọ̀, kò sì sí ẹni tí a ní láti kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. N kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ yàrá àlejò di ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ní àwọn ògiri tí òun fúnra rẹ̀ yóò mọ. Nínú gúrúùpù wa àtijọ́, àdúrà àárọ̀, àwòrán ọmọ tuntun, ọ̀rọ̀ owó oṣù àti aṣìṣe inú ìwé oníbàárà, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá, èyí tí ó bá dé kẹ́yìn ni ó sì ń bo èyí tí ó ṣáájú mọ́lẹ̀.

Ẹ pín yàrá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa ìkíni

Nígbà tí ọ̀gá wa bínú nítorí ìwé ìsìnkú yẹn, àṣẹ àkọ́kọ́ tí ó pa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́ nínú gúrúùpù. Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú ọjọ́ ìbí, iṣẹ́ nìkan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojú gúrúùpù mọ́ tónítóní. Mo wá ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó máa ń ràn wá lọ́wọ́ kò jáde mọ́: pé íǹkì dúdú ti ń tán, pé jẹnẹrétọ̀ ń dún bákan láti àná, pé oníbàárà kan ń fajú ro nígbà tí ó wá gbẹ́rù. Àṣé inú ìkíni ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń yọ. Bàbá Ẹ̀rọ á ní ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé, a kú òjò yìí, ibẹ̀ ni yóò gbà sọ pé pépà tí a tú sílẹ̀ lálẹ́ ti ń fa omi, etí rẹ̀ ti ń ká, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú òmíràn títí di ọjọ́ tí a máa tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Yorùbá tí kò bá rí àyè kí ènìyàn kì í rí ẹnu bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo tọ ọ̀gá lọ ní yàrá wọn, mo ṣàlàyé ohun tí mo rí, wọ́n sì gbà.

Gúrúùpù mẹ́ta ni a ní nísinsìnyí. Ọ̀kan wà fún iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ nìkan. Èkejì ni a pè ní Ẹbí Wa, níbi tí ìkíni, ìwàásù, àwàdà, ìkíni kú oríire àti ìkíni kú ọ̀fọ̀ wà, níbi tí ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè pa ìró rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bínú sí i. Ẹ̀kẹta máa ń ṣí pẹ̀lú iṣẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan, fún àwa àti oníbàárà, a sì máa ń tì í nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ má ṣe dá ju ohun tí ẹ lè bójú tó lọ. Mo ti rí ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ní gúrúùpù mẹ́rìnlá, tí wọ́n sì ń fi àkókò wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà ju àkókò tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ náà lọ. Bí ẹ bá ti pín in tán, ẹ kọ ìlò gúrúùpù kọ̀ọ̀kan sí ibi àpèjúwe rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè kà á. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣìnà, ẹ má ṣe bá ẹni tí ó kọ ọ́ jà. Ẹ bá a gbé e lọ sí ibi tí ó yẹ, kí ẹ sì dá a lóhùn níbẹ̀.

Ẹ pe orúkọ ẹni tí ó ni iṣẹ́

Ìṣòro kan wà tí èdè wa fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ nínú gúrúùpù, mo sì rò pé òun ni ó tóbi jù. Ọ̀rọ̀ náà ni "ẹ". À ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, à ń fi "ẹ" kan náà bá ènìyàn púpọ̀ sọ̀rọ̀. Lójúkojú, ojú tí mo ń wò ni ó ń sọ ẹni tí mo ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ sínú gúrúùpù ẹni mẹ́sàn-án pé "Ẹ bá wa wo ojú ewé kẹta o," Bàbá Ẹ̀rọ lè rò pé òun ni mo ń bọ̀wọ̀ fún, àwọn ọ̀dọ́ lè rò pé àgbà ni mo ń bá sọ̀rọ̀, olúkúlùkù á sì fi sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Báyìí ni gbólóhùn tí ó kún fún ọ̀wọ̀ ṣe ń di iṣẹ́ tí kò ní baba. Nítorí náà, ẹ pe orúkọ. Ẹ tẹ àmì @ kí ẹ sì yan ẹni náà, kí fóònù rẹ̀ lè dún. Lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ẹ lè wá fi gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i kún un.

Iṣẹ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Báyìí ni èyí tí mo dà sínú gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ì bá ṣe rí:

"ÀYÍPADÀ. Ìwé ìsìnkú, ojú ewé 16, 300 ẹ̀dà. Ìsìn àìsùn ti di aago 4 ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe aago 5 mọ́. Ó wà ní èèpo iwájú àti ojú ewé 3. Bùọ̀dá Kọ̀ǹpútà ni yóò tún un ṣe kí aago 9 òwúrọ̀ tó lù. Bàbá Ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì gbé e sórí ẹ̀rọ títí èmi fúnra mi yóò fi sọ pé ó yá."

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀: orúkọ iṣẹ́, ohun tí ó yí padà àti ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀, ibi tí ó wà, ẹni tí yóò ṣe é, àkókò, àti ẹni tí yóò dúró. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kí ó lè fi ìdáhùn rẹ̀ so mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ náà gan-an, nítorí pé "ó dáa" tí ó dá dúró láàárín ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mẹ́ta kò sọ èyí tí ó dáa. WhatsApp gba ènìyàn láyè láti tún àtẹ̀jíṣẹ́ kọ láàárín ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́: ẹni tí ó ti kà á tẹ́lẹ̀ kì í gbọ́ ìró tuntun, nọ́ńbà àtijọ́ ni yóò máa bá lọ. Ẹ kọ òmíràn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ÀYÍPADÀ.

Ẹ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, ó kéré tán níbi tí ó bá lè da ìtumọ̀ rú. Oníbàárà kan kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí mo fi ẹ̀dà àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí i pé, "Mo ti fi owo si i." Mo kà á sí owó, mo wo báǹkì, n kò rí nǹkan kan, mo sì dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ méjì kí owó lè wọlé. Ọwọ́ ni ó ń sọ: ó ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, ó ń retí pé a ti ń tẹ̀ ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù Gboard ti Google ní Yorùbá nínú àwọn èdè rẹ̀, kò sì gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti ṣí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ìyẹn, kí ó kọ "mo ti san" tàbí "mo fara mọ́ ọn".

Ní ti ohùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń kọ́ni ní irú nǹkan yìí máa ń ní kí a fòfin de àtẹ̀jíṣẹ́ olóhùn níbi iṣẹ́. N kò fara mọ́ ọn. Ojú Bàbá Ẹ̀rọ kò ríran kékeré dáadáa mọ́, kò sì fi ìgbà kan tẹ lẹ́tà sórí fóònù rí. Ní gbogbo ọdún tí a fi ń kọ̀wé nìkan, a kò gbọ́ ohùn wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n mọ ẹ̀rọ jù wá lọ. Ohùn ni ó mú wọn wọ inú ọ̀rọ̀. Òfin tí a ṣe ni pé ohùn lè gùn bí ó bá ṣe wù ú, ṣùgbọ́n orúkọ, ọjọ́, aago, iye àti owó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kò bá lè kọ ọ́, èmi ni mo máa ń gbọ́ ọ, tí mo ń kọ ọ́, tí mo sì ń béèrè pé ṣé bí wọ́n ṣe wí nìyẹn. Ní ọjọ́ tí àtúnṣe bá wà fún ẹni tí kò lè kàwé kékeré, èmi náà máa ń sọ ọ́ ní ohùn, yàtọ̀ sí èyí tí mo kọ.

Àmì, àgbà àti ọ̀gá

Kí ìwé tó dé, àrokò ni àwọn baba wa ń fi ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà máa ń sọ fún ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn ẹni tí ó rán an ń fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà àti fífà jọ ń dún; mẹ́jọ máa ń sọ pé èrò àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ó yé wọn nítorí pé ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á ti mọ ìtumọ̀ kan náà kí ìránṣẹ́ tó gbéra. Àtàǹpàkò tiwa kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Lójú ọmọkùnrin wa, "mo ti rí i" ni. Lójú tèmi, "mo ti ṣe é" ni. Bàbá Ẹ̀rọ sì sọ nígbà tí a jókòó sọ ọ́ pé lójú àwọn, ìwọ̀sí ni kí ọmọdé fi àtàǹpàkò dá àgbà lóhùn.

A yọ àtàǹpàkò kúrò nínú gúrúùpù iṣẹ́. Àmì ojú méjì túmọ̀ sí pé mo ti rí i, ó ti di tèmi, n kò tíì ṣe é. Àmì máàkì aláwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé mo ti parí rẹ̀, ẹ lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni ó ń fi àmì sí i. Ìdákẹ́jẹ́ kò túmọ̀ sí nǹkan kan: bí wákàtí kan bá kọjá láìsí àmì ojú, mo máa pe ẹni náà lórí fóònù. Mo mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn yóò yan àmì mìíràn, kò sì ṣe pàtàkì, bí gbogbo ilé bá ti jókòó papọ̀ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ lójúkojú, tí wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ògiri.

Ipò àti ọjọ́ orí kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà gúrúùpù. Bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ sọ èrò wọn, àwọn tó kù á fi "Bẹ́ẹ̀ ni sà" tò tẹ̀ lé e, ẹni tí ó mọ̀ pé pépà tí ọ̀gá yàn kì í gba íǹkì aláwọ̀ wúrà dáadáa á gbé e mì. Nítorí náà, mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n máa fi ìbéèrè sílẹ̀, kí wọ́n sì máa sọ tiwọn kẹ́yìn. WhatsApp ní ìdìbò láti 2022, ṣùgbọ́n ó ń fi orúkọ ẹni tí ó dìbò hàn, nítorí náà kò lè gba ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù. Ó dára fún yíyan ọjọ́ ìpàdé, kò dára fún bíbéèrè bóyá ọ̀gá tọ̀nà. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ jù ni pé kí ẹnì kan tí gbogbo ilé fọkàn tán kọ̀wé sí olúkúlùkù ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì kó èrò wọn jọ wá láìdárúkọ.

Ọ̀dọ́ tí ó bá ní àtakò, kí ó fi ìbéèrè gbé e kalẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ béèrè ni. Ṣé íǹkì wúrà á dúró lórí pépà yìí, àbí kí a kọ́kọ́ dán an wò lórí méjì?" Mo ti rí i kí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ gba odindi iṣẹ́ là, tí ojú ọ̀gá kò sì wọlẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, bí àgbà bá ṣe àṣìṣe, àtúnṣe iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú gúrúùpù kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó ṣì í kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Ẹ kọ "ojú ewé 5 ti yí padà", kí ẹ má ṣe kọ "Bàbá ti tẹ ojú ewé 5 ní òdì". Ẹ ó sọ ìyẹn fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹyin lohùn, èyí tí ó bá sì balẹ̀ nínú gúrúùpù, ojú ẹni mẹ́sàn-án ni ó ti fọ́.

Alẹ́, fáìlì àti ìwé iṣẹ́

Aago mẹ́wàá alẹ́ wa jẹ́ aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀sán ní Houston, gẹ́gẹ́ bí àkókò ọdún bá ṣe rí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí kan péré ni ó ń wà láàárín wa nígbà òtútù, kì í sì sí rárá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Àwọn ẹbí tí ó wà lókè òkun ni wọ́n ń san owó ọ̀pọ̀ ìwé ìsìnkú tí à ń tẹ̀, n kò sì lè ní kí wọ́n má kọ̀wé lọ́sàn-án tiwọn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gbà á, kì í ṣe gbogbo ilé. Lẹ́yìn aago méje alẹ́, ohunkóhun tí ó bá wọlé, mo máa ń kọ ọ́ dáadáa sí ibi tí WhatsApp ti gba ènìyàn láyè láti kọ̀wé sí ara rẹ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo sì máa ń gbé e sínú gúrúùpù. Bí ó bá jẹ́ ohun tí kò lè dúró, mo máa ń pe ẹni tí ó kàn. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2017, òfin ti ní kí ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 50 bá wọn jókòó sọ ẹ̀tọ́ wọn láti má dá ìpè iṣẹ́ lóhùn lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Kò dìgbà tí ìjọba bá sọ ọ́ kí ọ̀gá kan tó sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀gá tí ó bá ń kọ̀wé ní aago mọ́kànlá òru tí ó ní "ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn lálẹ́ yìí" kò tíì ṣe nǹkan kan, nítorí pé kò sí ọmọ iṣẹ́ tí ó ń sùn dáadáa lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwòrán, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán. WhatsApp máa ń fún un pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, ojú olóògbé tí ó mọ́ kedere lórí fóònù á wá rí bàìbàì lórí pépà. Ẹ lọ sí ibi tí a ti ń so nǹkan mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ yan Document, yóò sì dé bí ó ṣe wà. Ẹ ṣàlàyé èyí fún oníbàárà ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìpinnu kankan kò gbọ́dọ̀ wà nínú gúrúùpù nìkan. Fóònù ń jábọ́, ènìyàn ń kúrò níbi iṣẹ́, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gúrúùpù kì í sì í sábà rí ohun tí a ti sọ ṣáájú. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì mi, níbi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní ojú ewé tirẹ̀, ohun gbogbo tí a bá fẹnu kò sí sì ń wọ ibẹ̀ kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù. Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ tí gbogbo ilé nílò lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ lè so ó mọ́ òkè gúrúùpù fún wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 30. Àwọn oníbàárà máa ń fi káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò fẹ́ kí a tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju ìgbà tí a nílò rẹ̀ lọ, nítorí náà a máa ń pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù gbogbo wa ní ọjọ́ tí a bá ti gúrúùpù iṣẹ́ náà.

Wọ́n ti bi mí pé ṣé kí ilé iṣẹ́ má kúkú kó lọ sí Slack tàbí Teams. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ yín bá ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ kó lọ. Ẹni tí ó bá wọ yàrá gbangba níbẹ̀ lónìí lè ka ohun tí wọ́n ti sọ lóṣù tó kọjá, ìdáhùn sì ń wà lábẹ́ ìbéèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé láti oṣù kẹsàn-án 2022, ọ̀rọ̀ 90 ọjọ́ tó kẹ́yìn nìkan ni ètò ọ̀fẹ́ Slack ń fi hàn. Ní tiwa, a kò lọ, nítorí pé Bàbá Ẹ̀rọ kò ní bá wa débẹ̀, ìpinnu lórí ẹ̀rọ yóò sì di ohun tí àwọn tí kì í fọwọ́ kàn ẹ̀rọ ń ṣe láàárín ara wọn.

Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀

Bí ẹni méjì bá ti kọ̀wé síra wọn lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ kan náà tí kò sì yé ara wọn, kí wọ́n gbé fóònù. Ìbáwí, ìjà, ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́, ojú ni a fi ń sọ wọ́n. Bí òfò bá ṣẹ ẹnì kan nínú wa, ìkíni lè wà nínú Ẹbí Wa, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sí ilé rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó parí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìdílé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tún yí ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn padà ní alẹ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo gbé e sínú gúrúùpù, ní kíkọ, mo sì fi ohùn kún un. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àmì ojú méjì fi hàn láti ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin wa, tí ó wà nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn Bàbá Ẹ̀rọ wọlé, ẹ̀rọ kò dún lẹ́yìn wọn rárá: "Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti gbọ́. Mo ti yọ pílétì yẹn kúrò, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìwé àdúrà ti ilé ìwé yẹn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún mi tí ti Lọ́ńdọ̀nù bá ti yá."